Bébà Pupa Ara Àga Ìwẹ̀ Ọmọ

Igba sídì ni ẹyọ kẹ́ńkè kan lọ́dún náà. Kẹ́ńkè ni ẹ̀kọ líle tí àwọn ará Gánà ń dì sínú ewé àgbàdo, tí wọ́n ń fi ata àti ẹja díndín jẹ. Mo rántí iye rẹ̀ nítorí pé bí owó rẹ̀ ṣe ń sanra ni òun fúnra rẹ̀ ń rù. Mo sọ fún obìnrin tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ní ọjà Asafo pé, "Màámé, kẹ́ńkè yìí, ṣé kí n jẹ ẹ́ ni àbí kí n fi omi gbé e mì bí oògùn ibà?" Ó bú mi ní Twi, èmi náà bú u ní Twi, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹja kékeré kan ṣe èènì fún mi. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Kò sí ohun tí kì í pa mí lẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ áàfáà, ti lé mi jáde níbi wáàsí rí nítorí ẹ̀rín.

Ọdún yẹn náà ni ọmọ àbúrò mi yìí kú sínú omi tí kò bo ọrùn ọwọ́ mi. Ọmọ oṣù méje, obìnrin. Èmi ni mo fún ìyá rẹ̀ ní àga tí wọ́n gbé ọmọ náà jókòó sí. Wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ìyá náà kúrò nílé ọkọ nítorí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ tí n kò tètè sọ. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn èèyàn rí, ṣùgbọ́n mo máa ń fo ibì kan nínú rẹ̀. N kò ní fò ó lónìí.

Nǹkan ìwẹ̀ ọmọ ni mò ń tà: ọṣẹ, páúdà, òróró ìpara, kànrìnkàn rírọ̀, bàsíà, táwẹ̀lì. Mo kàwé dé kíláàsì kejì, lẹ́yìn náà bàbá mi ní kéú tó fún ọmọbìnrin. Nítorí náà mo mọ Fátíà, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Àwọ̀ ìdérí ni mo fi ń mọ ọjà mi. Onídérí búlúù ni ọṣẹ olómi, onídérí funfun ni òróró, páúdà ni èyí tó ń mú èèyàn sín. Bí oníbàárà bá bi mí pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, èsì mi wà nílẹ̀: "Wọ́n ní ọmọ rẹ á dàgbà, á kọ́lé fún ọ." Á rẹ́rìn-ín, á sanwó. Kò sí ẹni tó padà wá sọ fún mi rí pé ohun tí wọ́n kọ kọ́ nìyẹn.

Ilé bàbá wa ní Aboabo, àdúgbò àwa àlejò nílẹ̀ Àṣáńtì ní Gánà, la jọ ń gbé: èmi, àbúrò mi tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Láti Ìlọrin ni wọ́n ti fẹ́ ìyàwó fún àbúrò mi. Ọmọbìnrin náà kò tíì pé ogún ọdún nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpótí kan àti ẹní kan. Kò gbọ́ Twi, kò gbọ́ Hausa. Yorùbá tiwa tí a ń sọ nílé gan-an, tí Twi ń bọ́ sí àárín rẹ̀, ó ní ó dà bí ìrẹsì tí wọn kò ṣa òkúta inú rẹ̀. Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, nítorí náà ó ní láti sọ wá lórúkọ tuntun. Ó pe Ìyá Àgbà ní Ìyá Mẹ́kà, bẹ́ẹ̀ ìyá yẹn kò tíì kọjá Accra láyé rẹ̀. Èmi ló pè ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹni tó bá lẹ́nu ni mo máa ń fẹ́ràn.

Nígbà tó bímọ, ìyá tó bí i wà ní Ìlọrin, kò sì sí owó ọkọ̀ tí wọ́n fi lè gbé e wá. Nílé wa, àgbà obìnrin ló ń wẹ ọmọ tuntun. Á jókòó sórí àpótí kékeré, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, á fi ọwọ́ tẹ orí rẹ̀ kó lè rí roboto, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, á jù ú sókè díẹ̀ kí ẹ̀rù má bàa máa bà á láyé. Orúnkún Ìyá Àgbà ti le nígbà náà, kò ṣeé ká, kò ṣeé nà. Nítorí náà, èmi ló kàn.

Ogójì ọjọ́ ni mo fi wẹ ọmọ náà lójoojúmọ́ kí n tó lọ sọ́jà, mo sì ń wẹ̀ ẹ́ lọ lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Ó mọ itan mi. Bí mo bá ti tẹ́ ẹ síbẹ̀, á kọ́kọ́ tọ̀ sí mi lára, lẹ́yìn náà á wo ojú mi bóyá màá bínú. Mo máa ń sọ fún un pé, "Màmá kékeré, owó ìró yìí ń bẹ lọ́rùn bàbá rẹ." Nígbà tó di ọmọ oṣù márùn-ún, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá omi. Ariwo rẹ̀ máa ń dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ kéú á dẹ́kun kíkà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, àbúrò mi á sì máa fi pàṣán lu ilẹ̀.

Ọjà ló mú mi kúrò lórí àpótí ìwẹ̀ yẹn. Àwọn Àṣáńtì ń pe ẹrù àlòkù tó ń ti òkè òkun wá ní obúróní wáwu, ìyẹn ni pé òyìnbó ti kú. Wọn kò gbà pé alààyè kan lè kó irú ẹ̀wù dáadáa bẹ́ẹ̀ dà nù. Nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀wù nìkan mọ́ ni òyìnbó tó kú ń kó ránṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ń bọ̀, bẹ́ẹ̀dì ọmọ ń bọ̀, bàsíà ń bọ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń tú ẹrù náà, ẹni tó bá pẹ́ dé á bá pálí òfìfo. Èmi kì í pẹ́ dé. Nítorí náà, ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọmọ rẹ̀ wẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí ọmọ náà ti ń yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ bí ẹja.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n tú ẹrù kan, mo rí àga kan nínú rẹ̀ tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Òrùka ike ńlá kan ni, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló gbé e dúró, rọ́bà rìbìtì sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń fa ilẹ̀ mọ́ra. Ọmọ tó bá ti lè jókòó, wọ́n á gbé e sí àárín òrùka náà nínú omi, òrùka á yí i ká, ìyá á ní ọwọ́ méjì láti fi wẹ̀ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo ní àwọn òyìnbó ti fi ike ṣe itan ìyá àgbà. Méjìdínlógún ni wọ́n. Mo kó gbogbo rẹ̀.

Bébà pupa kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀rọ̀ òyìnbó wé mọ́ra wọn nínú rẹ̀ bí èèrà. Lókè ọ̀rọ̀ náà ni àwòrán ọmọ kan wà tó dá jókòó sínú omi, wọ́n sì fa ìlà pupa tó nípọn kọjá lára ọmọ náà láti èjìká dé ìdí.

Oníbàárà àkọ́kọ́ tó gbé e sókè jẹ́ obìnrin Àṣáńtì kan tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ó sọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì di ejò mú.

"Àwúradé! Alátà, ta ló pa ọmọ yìí rẹ́?"

Alátà ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá nílùú náà, bí o kò tilẹ̀ ta ata rí láyé.

"Ọmọ wo, Màámé?"

"Èyí! Wọ́n ti fa igi lé e lórí. Bí tíṣà ṣe ń pa ìṣirò tí kò tọ̀nà rẹ́ nìyẹn. O fẹ́ kí n gbé èyí wọlé tòun ti ikùn?"

"Òyìnbó ló ṣe é. Òyìnbó ò mọ ilé rẹ."

"Òyìnbó ti kú," ó ní. "Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń pariwo rẹ̀." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn, ó lọ.

Àwọn obìnrin tiwa láti Aboabo kò sàn jù ú lọ. Wọ́n á rí ọmọ tí wọ́n fa ìlà kọjá lára rẹ̀, wọ́n á ní "Àúsùbilláhì," wọ́n á fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, n kò ta ju méjì lọ.

Gbogbo àwa tó ń ta òyìnbó-ti-kú la mọ bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan àlòkù di tuntun. Wàá fi kẹrosíìnì rin bébà ara rẹ̀, wàá fi bíléèdì ha á, wàá fi ọṣẹ fọ kẹrosíìnì kúrò, wàá wá fi òróró ọmọ díẹ̀ nù ún kó lè máa dán. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tí bébà ń sọ. Bébà kì í sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń dọ̀tí ọjà. Ní ọjọ́ Àìkú tí ọjà dákẹ́, mo kó mẹ́rìndínlógún tó kù sílẹ̀, mo ń ha, mo ń kọrin. Bébà náà le. Ẹni tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ kò fẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Bíléèdì mẹ́ta ni mo lò tán. Mo tilẹ̀ bú ẹni náà.

Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Mo mú ọ̀kan tó dán jù lọ, mo gbé e relé.

"Ìyàwó," mo ní, "mo ti ra itan bọ̀ fún ọ."

Ó yí àga náà po lọ́wọ́. "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, kí lèyí? Àga ni àbí àgò adìyẹ?"

"Ìyá àgbà oníke ni. Kì í ráhùn, kì í béèrè obì, kì í sì í sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ lẹ́yìn."

Ìyá Àgbà pòṣé láti orí ẹní rẹ̀. "Mò ń gbọ́ yín o."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọ sí i lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti wò ó. Ọmọ náà gba òrùka náà mú, ó ń wò wá bí ọba. "Ṣé kò ní dojú dé?" ó bi mí.

"Rọ́bà ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Ó di ilẹ̀ mú bí Ìyá Àgbà ṣe ń di owó mú."

Ó tún wo ẹ̀yìn rẹ̀, wo abẹ́ rẹ̀. "Àwọn òyìnbó kì í sọ bí wọ́n ṣe ń lo nǹkan ni? Kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i?"

"Gbé ọmọ sí i, bu omi sí i," mo ní. "Wọn ò sọ nǹkan mìíràn."

Ibẹ̀ ni mo máa ń fò.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo jókòó ní ìsọ̀ láàárọ̀, mo rí àbúrò mi tó ń bọ̀ láàárín àwọn èèyàn. Kì í wá sọ́jà. Kò dé fìlà. Mo ti rẹ́rìn-ín kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní, "Áàfáà, ṣé àwọn ọmọ kéú ti lé ọ jáde ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ palẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Kí ló dé, o ti fẹ́ ìyàwó kejì?"

Ó ń wo àwọn àga ike tí mo to sórí ara wọn. Obìnrin oníkẹ́ńkè ló kọ́kọ́ yé. Ó gbé ọwọ́ lé orí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ìyá ọmọ gbé àga náà sínú bàsíà onírin tí a ti ń lò látìgbà ayé bàbá wa, èyí tí ọ̀dà inú rẹ̀ ti bó, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí gbágungbàgun. Ó bu omi sí i dé ìdodo ọmọ. Ó ti fi ọṣẹ pa á lára tán nígbà tó gbọ́ tí ẹ̀kọ mímu hó dà sínú iná ní ilé ìdáná, ó sáré lọ sọ ìkòkò kalẹ̀. Ilé ìdáná kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Iná ti ràn mọ́ aṣọ ìnukòkò, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa. Ó padà. Rọ́bà abẹ́ àga kò rí ibi dídán fà mọ́. Àga ti dojú dé, òrùka náà sì mú ọmọ mọ́lẹ̀.

Ìyá Àgbà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́. Ó ní òun gbọ́ tí ọmọ ń fi ọwọ́ gbá omi, lẹ́yìn náà òun kò gbọ́ mọ́. Òun rò pé ìyá rẹ̀ ti gbé e ni.

Èmi ni wọ́n ní kí n wẹ̀ ẹ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni àgbà obìnrin tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń ká. Mo fẹ́ tẹ́ ẹ sórí itan mi bí mo ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní wọn kì í wẹ òkú bẹ́ẹ̀, pákó ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kí ìrun Àlàásárì. Àwọn ará ilé Àṣáńtì tó wà lẹ́yìnkùlé wa wá jókòó tì wá, wọ́n ń wí pé, "Dúè, dúè," bí wọ́n ṣe ń kẹ́dùn nìyẹn. Gbogbo èèyàn ń sọ pé kádàrá ni. Mo di ọ̀rọ̀ náà mú gírígírí. Kádàrá kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó kò sunkún lójú wa. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ bí ẹnikẹ́ni bá bá a sọ̀rọ̀: "Èmi ni mo fi í sílẹ̀." Kò pe ẹnikẹ́ni ní orúkọ tó sọ wá mọ́. Ìyá Àgbà gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń lò ó. Bí àlejò bá wá kí wa, á ní, "Ọmọdé ló bí ọmọ. Kí ni ẹ̀kọ? Ẹni tó bá mọ ohun tó bí, ṣé á fi í sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ?" Yóò pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yàrá ìyàwó á gbọ́. Àbúrò mi kì í dá a lóhùn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lọ, ṣùgbọ́n ó ti gbé pàṣán jù sórí àjà.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, ó sọ fún mi pé òun fẹ́ kí ìyàwó òun lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin. Ó ti bá àwọn ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò padà. Ó ń wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìsinmi tí kò ní ọjọ́ ìpadà, gbogbo wa la mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún, wọ́n á dá a padà sí àgbàlá bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ. Ta ni yóò tún fẹ́ ẹ?

Kí ni kí n wí? Lójú mi nígbà náà, èmi kò mọ nǹkan kan. Mo ti fi àpò bo àwọn àga tó kù nísàlẹ̀ tábìlì kí n má bàa máa rí wọn, mo sì ń ta ọṣẹ mi.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú Jímọ̀ náà, ọkọ̀ funfun kan wọ ọjà Asafo pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí. Ọkùnrin ìjọba kan tó rí tínrín, tó fi táì há ara rẹ̀ lọ́rùn nínú oòrùn, ń fi Twi sọ̀rọ̀, ẹnìkan ń tún un sọ ní Hausa. Ó ní òfin ti dé. Gbogbo ohun tí wọ́n ń lò fún ìwẹ̀ ọmọ ọwọ́, ọṣẹ ni o, òróró ni o, àga ni o, ó gbọ́dọ̀ ní àkọlé lára tó ń sọ ẹni tó ṣe é, ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ewu tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá yọ àkọlé kúrò lára ọjà yóò sanwó ìtanràn.

Obìnrin oníkẹ́ńkè béèrè bóyá kẹ́ńkè náà máa gba àkọlé. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n kọ ọ́ pé: ẹ ṣọ́ra, ó kéré." Gbogbo ìlà wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ogójì ọjọ́ tí mo ti dá àpárá kẹ́yìn. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ọkùnrin náà dé ìsọ̀ mi. Ó gbé ìgò, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ṣí àpò ìsàlẹ̀ tábìlì.

"Màámé, àga ìwẹ̀ rè é. Àkọlé rẹ̀ dà?"

"Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn."

"Kò sí èyí tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀." Ó lọ sínú ọkọ̀, ó gbé ọ̀kan bọ̀, bébà pupa wà lẹ́yìn rẹ̀. "Irú kan náà nìyí. Ta ló ha tìrẹ?"

"Afẹ́fẹ́ ni."

Àwọn obìnrin tún rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Jẹ́ kí n ka ohun tí afẹ́fẹ́ gbé lọ fún ọ."

Ó kà á ní òyìnbó, ó wá ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àga yìí kò lè dáàbò bo ọmọ. Má ṣe fi ọmọ dá nìkan wà nínú rẹ̀, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Má ṣe lò ó nínú bàsíà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá dán. Ọmọ lè kú sínú omi díẹ̀. Ó fi ìka lé àwòrán náà, ọmọ tó dá jókòó àti ìlà pupa. "Ìtumọ̀ èyí ni pé, má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi àwòrán sí i nítorí ẹni tí kò mọ̀wé kà."

Mo ní, "Tún un kà."

Ó tún un kà.

Mo ní, "Ibi bàsíà yẹn. Tún un kà."

Ojú rẹ̀ le. "Màámé, ìjọba kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́." Ó rò pé mo ṣì ń dá àpárá. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, àwọn tó mọ̀ mí gan-an ń dúró de ibi ẹ̀rín. Obìnrin oníkẹ́ńkè nìkan ló wò mí lójú, ó sọ fún un pé, "Bọ̀dá, kà á fún un."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì lọ sí ìsọ̀ tó kàn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sùn. Kí n má parọ́, mo rò ó pé kí n máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ta ló mọ̀? Ọkùnrin onítáì kò mọ ilé wa. Ìyàwó á lọ, ọ̀rọ̀ á tutù, Ìyá Àgbà á wá ẹlòmíràn tí yóò máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ mo ṣí ìsọ̀, mo tún tì í kí oòrùn tó kan àtàrí, mo lọ sílé.

Àbúrò mi wà nínú yàrá, ó ń fi okùn di àpótí ìyàwó rẹ̀, àpótí tó gbé wá láti Ìlọrin. Ìyàwó jókòó sórí ẹní, Ìyá Àgbà sórí àga.

"Áàfáà, mo ní ọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá jẹ́ àpárá ni, ẹ fi í sílẹ̀."

Mo sọ ọ́. Bébà pupa, kẹrosíìnì, bíléèdì mẹ́ta, ohun tí ọkùnrin náà kà. Mo sọ bí ìyàwó ṣe bi mí bóyá wọ́n kọ nǹkan sí i, àti èsì tí mo fún un. Mo dúró nígbà tí mo ń sọ ọ́. N kò mọ ibi tí mo lè jókòó sí.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìwọ náà kò mọ̀wé kà. Ẹ̀bi rẹ kọ́. Kádàrá ni."

Mo ní, "Ìyá, bí tèmi bá jẹ́ kádàrá, kí ló sọ ti ìyàwó di ẹ̀ṣẹ̀?"

Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ó ń tú okùn tó ti dì. Ó ń tú u, ó ń sunkún, imú rẹ̀ ń ṣàn bí ti ọmọdé. Ó ní, "Kò lọ síbì kankan mọ́. Ìyàwó mi, o kò lọ mọ́. Dárí jì mí."

Ìyàwó dìde, ó gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún àpótí náà dì.

"Mò ń lọ," ó ní. "Fún ogójì ọjọ́, ẹ gbà pé èmi ni mo pa á. Èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ojú ìyá mi."

Àbúrò mi tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù kan, ó bẹ̀ ẹ́, ó tún padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó kò padà wá mọ́. Ó fẹ́ ọkọ mìíràn ní Ìlọrin nígbà tó yá, mo gbọ́ pé ó ti bímọ mẹ́ta. Ní tèmi, mo wá àwọn tó ra àga yẹn lọ́wọ́ mi. Márùn-ún péré ni mo mọ ojú wọn, mo sì rí mẹ́ta nínú wọn, ní Ashanti New Town àti ní Asafo. Mo fi ẹnu mi sọ fún wọn ohun tí mo ha kúrò. Ọ̀kan nínú wọn ń da ìkòkò dé sórí tirẹ̀ kó lè gbẹ. N kò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí nítorí ìkòkò.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó lọ náà, ìyàwó ní kí ọkọ òun dúró sílé, kí èmi sin òun dé ibùdókọ̀. A gbé àpótí sáàárín wa nínú tákísí. Ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ Èkó, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ra omi àti búrẹ́dì fún un, ó gbà á, ó dúpẹ́. Mo fẹ́ sọ pé kó dárí jì mí, ọ̀rọ̀ náà kò jáde, nítorí n kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láìfi àpárá sí i nídìí.

Òun ló sọ̀rọ̀. Ó yọ orí sí fèrèsé.

"Àga yẹn, èyí tí bébà wà lára rẹ̀ àti èyí tí ẹ ha, ṣé iye kan náà lẹ̀ ń tà wọ́n?"

"Rárá."

"Èyí tí ẹ ha ló wọ́n?"

"Òun ló wọ́n."

"Èló ló fi jù ú lọ?"

Ọkọ̀ ti ń mì, ọmọ ọkọ̀ ń ti ilẹ̀kùn. Ó ń wò mí, kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe jẹ́, owó tí kò tó ra kẹ́ńkè mẹ́ta.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sídì."